Wáyà Tó Ti Bó

"Bàbá mi, bàtà yín sùn sẹ́nu ọ̀nà o."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ti gbé báàgì ilé-ìwé kọ́ èjìká. Awéwáyà, tí iṣẹ́ wáyà tó ń wé sínú ẹ̀rọ pọ́ńpù sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, dúró nídìí garawa omi tó fẹ́ fi bọ́jú, ó wo ilẹ̀. Sálúbàtà wà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì wà ní ìhòòhò lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Ó ti fi bàtà ẹyọ kan rìn láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ẹ̀yìnkùlé, kò sì mọ̀. Ẹsẹ̀ òsì kò sọ fún un. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹsẹ̀ yìí kì í bá a sọ òótọ́ mọ́. Bí ilẹ̀ bá tutù, á ní iná ló ń jó òun. Bí kò bá sí nǹkan kan, á ní èèrà ń tò lórí òun.

"Jẹ́ kó sùn," ó dá ọmọ lóhùn. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù mí lọ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé bàtà wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ bí ẹni ń wọ bàtà fún ọmọdé, ó sì gba ọ̀nà ilé-ìwé lọ. Awéwáyà bọ́jú, ó nu ojú, ó sì padà sínú yàrá lọ tú àpótí ìwé.

Aago méje ààbọ̀ ni. Aago mẹ́wàá ni ilé iṣẹ́ ní kó wá jókòó níwájú máníjà. Ìwé tí wọ́n fi pè é ti dé láti àná, ọ̀rọ̀ méjì ló sì wà nínú rẹ̀: pọ́ńpù kan tó jóná lọ́wọ́ oníbàárà, àti ọtí mímu lẹ́nu iṣẹ́. Awéwáyà tí ẹnikẹ́ni kò rí ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀ ni ìwé tí dókítà kọ nípa àìsàn rẹ̀. Ìwé náà ló ń wá, kò sì rí i.

Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ nítòsí fèrèsé. Aránṣọ ni. Aṣọ ilé-ìwé mẹ́fà ló wà nílẹ̀ tó fẹ́ gbà á lójú oorun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lórí pẹ́dàlì tó ń yí ẹ̀rọ.

"Ìwé dókítà dà?"

"Ìwé wo?"

"Ìwé mélòó ni dókítà kọ fún wa? Ìwé tó wà nínú ápòòwé ńlá."

"Ó wà nínú àpótí."

"Mo ti tú àpótí dé ìdí. Ìwé ìgbéyàwó wa wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rọ ìránṣọ tó o rà kí n tó mọ̀ ẹ́ wà níbẹ̀. Aáyán méjì wà níbẹ̀, tọkọtaya. Ìwé dókítà ni ò sí níbẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, ì bá ti rẹ́rìn-ín. Ó fa aṣọ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó fi eyín gé òwú.

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun ná," ó ní. "Búrẹ́dì wà lábẹ́ àwo. Ẹyin ń bẹ níbẹ̀."

"Oúnjẹ kọ́ ni mo bèèrè."

"Ẹ ò ní lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ikùn òfìfo kẹ́ ẹ tún wá ṣubú lójú wọn. Wọ́n á ní ọtí àárọ̀ ni."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ìwé!"

Kò fẹ́ pariwo. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Bí mo bá débẹ̀ láìsí ìwé, kí ni n óò sọ? Kí n ní ẹsẹ̀ mi ló ń parọ́ fún mi?"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyàwó gbé ojú sókè, kò sì wò ó lójú. Fèrèsé ló ń wò.

"Bàbá wa, ṣé ẹ rántí akọ̀wé sítọ́ọ̀?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ọtí pa á, ó bì sórí ìwé oníbàárà. Kí ni wọ́n ṣe fún un? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé. Ó kọ̀wé pé òun ò ní mu ún mọ́, wọ́n gbà á padà, wọ́n tún bá a ṣe àwàdà. Awakọ̀ tí kíndìnrín ń dà láàmú ńkọ́, tó gbé ìwé dókítà lọ fún wọn fúnra rẹ̀ bí ẹni gbé ẹ̀bùn lọ? Wọ́n ní kó lọ sinmi."

"Mo mọ̀."

"Ó ṣì ń sinmi."

Ohun tí ìyàwó sọ kì í ṣe irọ́. Òfin ilé iṣẹ́ náà wà lára ògiri nínú dígí, gbogbo èèyàn ló lè kà á: ẹni tí ara rẹ̀ kò bá pé fún iṣẹ́ mọ́, ọjọ́ náà ni káàdì ìwòsàn rẹ̀ dópin. Káàdì ìwòsàn wà fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Káàdì yìí ló sì ń gba abẹ́rẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń gún fún un ní itan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì. Bí a bá kó gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn tà, títí kan ẹ̀rọ ìránṣọ, kò lè ra ti oṣù méjì.

Síbẹ̀, ó gbàgbọ́ nínú ìwé. Awakọ̀ kò mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni, ó ń rò lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹni tó bá ṣàlàyé fún máníjà dáadáa, máníjà tí òun náà mọ ohun tí wáyà ń jẹ́, yóò yé e. Wọ́n á gbé e síbi tí a ti ń jókòó ṣiṣẹ́.

Nítorí àìsàn náà yé òun alára wẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí dókítà gbé àwòrán inú orí rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó kọ́kọ́ bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Nígbà tó sọ fún un, dókítà ní, "Ẹ ó tètè gbọ́ ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ." Ó ní iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ojú, lọ sí ọwọ́, lọ sí ẹsẹ̀, ó sì ń gbé ìròyìn padà. Ọ̀rá kan ló bo iṣan yìí yíká bí fáníìṣì, ọ̀dà dídán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣe bo wáyà, òun ni kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí wọ́n rán ṣòfò lójú ọ̀nà. Ara ẹ̀dá sì ní ọmọ ogun tirẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Nínú ara yín, dókítà ní, àwọn ọmọ ogun yìí ti ṣi ọ̀tá mọ̀. Ìbora yẹn ni wọ́n ń jẹ. Ibi tí wọ́n bá jẹ, ọ̀rọ̀ á fà níbẹ̀, tàbí kó sọnù. Nígbà mìíràn ara á tún un rẹ́, ẹ ó dà bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Kò ní pẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kò lè dá èyí tí wọ́n ti jẹ padà. Á kàn máa bá wọn wí ni.

Awéwáyà ti ronú títí nígbà yẹn, ó sì bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ta ló sọ fún wọn pé ọ̀tá ni?"

Dókítà ní kò tíì sí ẹni tó mọ̀.

Ó jẹ búrẹ́dì ní ìdúró. Ó tún wo abẹ́ ibùsùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń de bọ́tìnnì, nítorí bí kò bá wò wọ́n, wọn kì í mọ ohun tí wọ́n mú.

"Mò ń lọ."

"Ẹ máa rọra," ìyàwó ní. Ó ti padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yára ju bó ṣe yẹ lọ.

Níwájú ilé, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ti to ọjà rẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀rẹ́ ilé ni, inú fíríìjì rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sí nítorí tiwọn ti kú láti ọdún tó kọjá. Nígbà tó rí Awéwáyà, ó fi aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀.

"Oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ ṣọkàn gírí lónìí o. Ẹni tó bá ti pinnu, Ọlọ́run á tì í lẹ́yìn."

"Àmín o. Ẹ ṣeun."

"Ẹ̀mí burúkú ni nǹkan yẹn. Ó mú bàbá tó bí mi náà. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà láti máa gba abẹ́rẹ́, ẹ gbìyànjú."

Ó tún dúpẹ́. Ó yà á lẹ́nu pé bàbá obìnrin yìí náà ní àìsàn yìí, dókítà ti ní kò wọ́pọ̀. Ó ń rò ó lọ lójú ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ tọ ara ògiri. Oòrùn ti ń mú, bí oòrùn bá sì ti mú báyìí, ọ̀nà kan a máa di méjì lójú rẹ̀. Ó di ojú kan, ó ń fi ìkejì rìn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì tó ń bọ̀ yà fún un bí ẹni ń yà fún ọ̀mùtí.

Nínú gbọ̀ngàn iṣẹ́, òórùn fáníìṣì kí i kí èèyàn tó kí i. Tábìlì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ fèrèsé kẹta. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ní rọ́bà lára, fáníìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bò ó, tí ojú kò lè rí. Bó bá bó níbi kan, tó sì fara kan èyí tó bó bíi tirẹ̀, iná á gba ọ̀nà àbùjá, pọ́ńpù á jó. Ìdí nìyí tí awéwáyà tó mọṣẹ́ fi máa ń jẹ́ kí wáyà gba àárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka kọjá kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Ìka ló ń gbọ́ ibi tó bó. Láti ìgbà tí ìka rẹ̀ ti kú, ètè ló ń lò. Ètè kò tíì dà á. Á tẹrí ba, á jẹ́ kí wáyà máa rìn lórí ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni ń fun fèrè, kò sì sí èyí tó wé lọ́nà yẹn tó padà wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ìdí rẹ̀: àbúrò rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò tí wọ́n ti ń ri wáyà bọ fáníìṣì tí wọ́n sì ń yan án. Awéwáyà ló mú un wá síbi iṣẹ́ yìí. Òun ló kọ́ ọ.

Àbúrò wà nídìí ààrò, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó rí i. Ó yí padà, ó ń wo iná.

Aago mẹ́wàá lù. Máníjà ní kó jókòó. Pọ́ńpù tó jóná wà lórí ìwé ìròyìn nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì pọ́n. Kò pẹ́ ni àbúrò wọlé, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi hàn mí?" máníjà bi í.

"Mo ní ìwé dókítà, sà. Mi ò rí i láàárọ̀ yìí ni. Ara mi ni kò yá. Ọtí kọ́."

Máníjà mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn ní iṣẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ ni. Ó fa ìwé kan jáde nínú fáìlì, ó sì kà á sókè, kò wò ó lójú.

"'Sí ọ̀gá. Èmi ni ìyàwó rẹ̀ nílé. Mo jẹ́rìí pé ọkọ mi ti ń mu ọtí láti ọdún tó kọjá, pé ọtí ló ń mú un ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó ti gbà láti jáwọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lé e. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí ẹ ṣe fún àwọn tó kù.'" Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. "Àbúrò yín náà fọwọ́ sí i."

Awéwáyà na ọwọ́, ó gba ìwé náà. Ó mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ tó ń fi ẹfun kọ ìwọ̀n sára aṣọ ni, tí nọ́ńbà àti lẹ́tà rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń tì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún kà á. Ó wá yé e irú ẹ̀mí burúkú tí oníbúrẹ́dì ń sọ, àti àìsàn tó mú bàbá rẹ̀.

"Ta ló sọ ohun tó máa kọ fún un?" ó bèèrè.

Ilẹ̀kùn ló dún díẹ̀ níbi tí àbúrò fara tì í.

"Ẹ gbọ́," máníjà ní. "Mo ti ran yín lọ́wọ́ dé ibi tí mo lè ràn yín lọ́wọ́ dé. Ìwé kan rèé. Ẹ gbà pé ọtí ni, pé ẹ̀yin lẹ wé pọ́ńpù yìí nígbà tí ojú yín ò dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé. Káàdì yín dúró. Àbúrò yín á jókòó nídìí tábìlì yín títí ẹ ó fi dé. Bó bá jẹ́ àìsàn lẹ ní kí n kọ, ọwọ́ mi kọ́ ló wà mọ́. Ẹ mọ òfin."

Ó ti kálámù sí i.

A kì í mọ ohun tí yóò wúwo lọ́wọ́ ẹni àfi ìgbà tí a bá gbé e. Awéwáyà mú kálámù. Ó ro ti abẹ́rẹ́. Ó ro ti ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà fún un láàárọ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé orúkọ kò ju orúkọ lọ, ẹni tó bá wà láàyè ló ń jẹ́ ẹ. Ó tẹjú mọ́ ìka rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé kálámù ni wọ́n mú. Nítorí pé ó tẹrí ba báyìí ni ó fi rí inú pọ́ńpù tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Òwú funfun ni wọ́n fi máa ń di orí wáyà pọ̀ kí wọ́n tó rì í bọ fáníìṣì. Ní ẹ̀gbẹ́ tí kò jó, òwú náà ṣì wà, kókó rẹ̀ ṣì wà, fáníìṣì ti gan mọ́ ọn lórí. Kókó náà dojú kọ òdìkejì.

Ọjọ́ tó kọ́ àbúrò rẹ̀ ní kókó yẹn, ó jókòó kọjú sí i ni, tábìlì wà láàárín wọn. Àbúrò ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń ṣe bó ṣe ń ṣe, bí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ibi tí ẹ̀gbọ́n bá ti ọ̀tún gbà, àbúrò a ti òsì gbà. Awéwáyà rí i nígbà yẹn, kò tún un ṣe, nítorí kókó náà mú dáadáa. Kò sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn yẹn tó ń so kókó báyẹn.

Ó gbé kálámù sílẹ̀.

"Sà, ọjọ́ wo ni wọ́n wé pọ́ńpù yìí?"

Máníjà yẹ páálí tí wọ́n so mọ́ ọn wò, ó sọ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹta nínú ọjọ́ mẹ́rin tí Awéwáyà fi sùn sí ilé ìwòsàn ni.

"Orúkọ Bùrọ̀dá ló wà lára páálí, sà," àbúrò sọ, kíákíá.

"Ìwọ lo kọ orúkọ mi síbẹ̀," Awéwáyà ní. Kò pariwo. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kókó àti ti ọjọ́ ilé ìwòsàn fún máníjà, ó fi ìka tó kú tọ́ka sí i. Ó ní kí wọ́n gbé pọ́ńpù èyíkéyìí tí òun wé wá, kí wọ́n fi méjèèjì lélẹ̀ kí wọ́n wò ó.

Máníjà wo kókó. Ó wo àbúrò, ó pẹ́ lójú rẹ̀. Ó wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, níbi tí wọ́n ti fi pupa yí ọjọ́ kan ká.

"Pọ́ńpù méjìlá ló gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. "Bí mo bá lé ẹ̀yin méjèèjì lónìí, ta ló máa wé wáyà ọ̀la? Kókó ni kókó, bàbá. Ẹ fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

Nígbà náà ni ó yé Awéwáyà pé òótọ́ kọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ó yọ káàdì ìwòsàn nínú àpò àyà, ó fi lé orí ìwé tí kò fọwọ́ sí.

"Ẹ kọ ọ́ pé ara mi kò yá," ó ní. "Òun ló ṣẹlẹ̀."

Ó tọrọ ẹ̀mú kan ṣoṣo. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó pẹ́ kó tó bá ibẹ̀, ó fi ẹ̀mú já òwú náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì fi kókó sínú àpò. Nígbà tó ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn, àbúrò na ọwọ́ láti dì í mú kó má ṣubú, bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti ọwọ́ náà kúrò. Ògiri ló dì mú.

Ìyàwó ti dáná kó tó dé. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ẹran, láàárín ọ̀sẹ̀. Ó dìde lẹ́nu ẹ̀rọ bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó?" ó bèèrè.

Ìbéèrè náà wà láàárín wọn. Òun náà gbọ́ ohun tó bèèrè, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìwé dókítà dà?" Awéwáyà bi í.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé ápòòwé ńlá jáde lábẹ́ òwú àti bọ́tìnnì, ó fi lé orí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀: àbúrò ti wá lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn nígbà tí Awéwáyà ń sùn, ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ó ní máníjà ti gbà á lábẹ́lẹ̀. Àbúrò ló ń sọ ọ́, tí òun ń kọ ọ́. Ó ní kí òun sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbúrẹ́dì náà, kí ẹ̀rí lè dọ́gba.

"Ó búra fún mi. Ó ń sunkún, Bàbá wa. Ẹ wá sọ fún mi, ọ̀sẹ̀ mélòó?"

"Mi ò fọwọ́ sí i."

"Ẹ ò ṣe kí ni?"

"Mo dá káàdì padà."

Kò sunkún. Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ ilé-ìwé tó ti lọ̀, gbogbo ẹ̀ rún.

"Nítorí orúkọ," ó ní. "Èmi fi orúkọ yín ra ẹ̀mí yín, ẹ lọ ra orúkọ padà. Ìgò oògùn mẹ́rin ló kù ní fíríìjì yẹn. Tó bá tán, ṣé orúkọ ni mo máa gún sí yín nítan?"

Awéwáyà fa kókó òwú yọ nínú àpò, ó fi lé ẹ̀gbẹ́ ápòòwé, ó sì sọ ohun tó rí fún un. Ìyàwó mi orí, ó ní rárá, ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun ni àbúrò, ó ní ìbínú ló ń sọ ọ́, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́. Àwọn méjèèjì kò fọwọ́ kan ìrẹsì.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí àbúrò dé. Ó mú búrẹ́dì méjì lọ́wọ́, ti obìnrin iwájú ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, àyà kan ilẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ bi ìyàwó wa."

Awéwáyà ń wo ògiri.

"Jókòó, ọkọ mi," ìyàwó ní. Bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Ó bu omi fún un. Ó bu ìrẹsì fún un, ó fi ẹran sí i.

Àbúrò jẹ díẹ̀. Ó ní máníjà ní kí òun wá gba ìwé kékeré kan, èyí tí Bùrọ̀dá máa ń kọ iye ìgbà tí wọ́n ń wé wáyà sí, nítorí pọ́ńpù méjìlá yẹn, oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òun ò sì mọ ti ìkẹta.

Ẹ̀rín kan gba ọ̀fun Awéwáyà kọjá, kò dún.

"Á rí i fún ẹ," ìyàwó dáhùn fún un. Ó dìde, ó kó aṣọ ilé-ìwé mẹ́ta tó ti parí, ó ká wọn, ó fi òwú líle kan lé wọn lórí. "Kó o tó máa lọ, bá mi di èyí. Ojú ọ̀nà yín nilé wọn wà, o ó bá mi fi lé olówó ẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ mi ti gbọ̀n jù."

Àbúrò kò ronú. Ọwọ́ tó ti so kókó ẹgbẹ̀rún kì í bèèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ó yí òwú po, ó ti òsì gbà á, ó fà á le. Ó tì í sọ́dọ̀ ìyàwó lórí tábìlì.

Ìyàwó gbé kókó tó ti inú pọ́ńpù wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan pọ́n nítorí fáníìṣì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbejì ni wọ́n.

Níta, ẹnì kan ń pe oníbúrẹ́dì. Àbúrò wo tábìlì, ó wo àwo ìrẹsì tó wà níwájú rẹ̀, kò mọ èyí tí yóò tì kúrò.

"Ó ku ìdajì," ìyàwó ní. "Jẹ ẹ́ tán. Wọn kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ nílé yìí."

Àbúrò dìde, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bùrọ̀dá..."

"Èmi ni mo jẹ̀bi," Awéwáyà ní, ó ṣì ń wo ògiri. "Ẹ̀gbẹ́ rẹ ló yẹ kí n jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó kọjú sí ẹ."

Àbúrò lọ. Kò gba ìwé. Ó gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sórí àga.

Ìyàwó kó àwo. Ó mú búrẹ́dì méjèèjì, ó lọ dá wọn padà fún ẹni tó tà wọ́n. Nígbà tó padà wọlé, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ abẹ́rẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀, ó ká ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ sókè dé itan òsì, ó fi òwú tó rin nu ojú ibẹ̀.

Àwàdà kan wà tí wọ́n máa ń ṣe níbi yìí. Bó bá ti gún un tán, á bèèrè pé, "Ó dùn yín?" Ọkọ á ní, "Ṣé o ti gún un ni?" Nítorí itan yẹn kì í gbọ́ nǹkan kan. Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín, ọmọ wọn náà á rẹ́rìn-ín láti inú yàrá.

Ó gún un. Ó rọra ti oògùn wọlé títí ó fi tán, ó fa abẹ́rẹ́ yọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí itan náà. Kò bèèrè. Ó fẹ́ dìde, ó tún kúnlẹ̀ padà.

"Ó dùn yín?"

Awéwáyà wo ọwọ́ náà lórí itan rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára. Bí kò bá wò ó ni, kì bá tí mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Ó dùn mí," ó ní.